Òkun Lóṣòó sí Etíkun Èkó bí Òṣómàáló

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Òṣogbo, ní Iléṣà àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, mo mọ̀ pé bí ojú yín bá ti kan àkọlé yìí, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ sọ sí yín lẹ́nu ni pé, kí ni ó kan ará òkè nínú ọ̀rọ̀ òkun? Omi Ọ̀ṣun ni tiwa, òkè àti oko kòkó ni tiwa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ìwọ̀nba ilé díẹ̀ ni ó wà ní ìgboro wa tí kò ní ọmọ tàbí àbúrò ní Èkó. Ọ̀pọ̀ ọjà tí ẹ ń tà ní Ọjà Ọba ní Òṣogbo àti ní ọjà Àtàkúmọ̀sà ní Iléṣà, èbúté Èkó ni ó gbà wọlé. Bí a bá sì tú ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò, a ó rí i pé ẹrù àwọn baba wa gan-an wà lára ohun tí ó da àárín òkun àti ilẹ̀ Èkó rú.

Etíkun tí mo ń wí ni èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bar Beach, ní Victoria Island. Ẹni tí orí rẹ̀ bá ti ń hu ewú kò nílò àlàyé. Ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ọjọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde, ọjọ́ Iléyá, ibẹ̀ ni ọmọdé àti àgbà Èkó ń dà sí, a kì í sì í san kọ́bọ̀ kí a tó wọlé. Àwọn tí ń fi ẹṣin gbé ọmọdé káàkiri wà níbẹ̀, àwọn oníyàwòrán wà níbẹ̀, àwọn onísúyà àti àwọn alágbọn wà níbẹ̀. Ní òru, àwọn aláṣọ funfun a tan àbẹ́là, wọn a dojú kọ omi, wọn a máa gbàdúrà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìwòran mìíràn tilẹ̀ wà níbẹ̀ tí n kò lè sọ pé mo bá wọn fẹ́ràn rẹ̀: láti 1971 ni ìjọba ológun ti ń yìnbọn pa àwọn adigunjalè ní etíkun yìí ní gbangba, tí èrò sì ń wọ́ lọ wò ó bí ẹni ń lọ wo eégún.

Lónìí, bí ẹ bá sọ fún awakọ̀ pé kí ó gbé yín lọ sí Bar Beach, ògiri àti ìlú tuntun ni yóò fi hàn yín. Etíkun náà kò sí mọ́. Òkun jẹ ẹ́, a tún un ṣe, òkun tún un jẹ, a tún tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń lọ fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, kí a tó wá rí ẹni tí ó fi ìlú odidi dí ojú rẹ̀.

Ibo ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀? Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Ní 1907 ni rélùwéè dé Òṣogbo. Láti ìgbà náà ni kòkó, èkùrọ́ àti òwú ilẹ̀ wa ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Èkó, tí ìgàn aṣọ láti Manchester sì ń gòkè bọ̀. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n mọ aṣọ yìí í tà jù. Ẹ̀yin náà mọ ìtàn wọn: wọn a ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọn a tà á láwìn, bí ọjọ́ owó bá sì pé, wọn a wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò sì ní dìde àfi bí owó bá pé lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń pè wọ́n ní òṣómàáló.

Ṣùgbọ́n àléébù ńlá kan wà lára èbúté Èkó nígbà náà. Òkìtì yanrìn kan dùbúlẹ̀ sínú omi ní ẹnu ibi tí ọ̀sà ti ń wọ òkun. Òkìtì yìí ni òyìnbó ń pè ní bar, òun náà ni ó sì fún etíkun ní orúkọ. Ọkọ̀ ńlá kò lè kọjá lórí rẹ̀. Forcados lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń já ẹrù Èkó sínú ọkọ̀ kékeré, inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń sọ èrò kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ kan sínú èkejì, bí ẹni ń sọ korobá sínú kànga. Ìgbì a máa dojú ọkọ̀ dé, ẹrù a sì máa ṣègbé. Rélùwéè tí ó ná ìjọba ní owó ńlá, kí ni yóò wúlò fún bí ẹrù bá dé Èkó tí kò rí ọ̀nà jáde?

Nítorí náà, ní 1908, àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í da òkúta sínú òkun. Àró lẹ́bàá Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta náà, rélùwéè ni ó sì ń kó o wá. Ògiri òkúta kan ní ìhà ìlà-oòrùn, òmíràn ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, wọ́n nà wọ́n jáde sínú òkun bí apá méjì, kí omi ọ̀sà lè máa gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú agbára, kí ó sì máa gbá òkìtì yanrìn náà dànù. Nǹkan bí ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ náà sì dára. Nígbà tí yóò fi di 1914, ọkọ̀ òkun ńlá ti ń wọ Èkó. Kòkó wa rí ọ̀nà, aṣọ òṣómàáló sì rí ọ̀nà.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí gbèsè ti wọlé o.

Yanrìn etíkun kì í jókòó sójú kan. Ìgbì òkun tí ń lu ilẹ̀ wa, láti gúúsù apá ìwọ̀-oòrùn ni ó ti ń wá, nítorí náà kì í lu etíkun gbọọrọ, ó máa ń dàgẹ̀rẹ̀ lù ú ni. Bí ìgbì kọ̀ọ̀kan bá ti gun ilẹ̀, a gbé yanrìn díẹ̀ sókè. Bí ó bá ń padà, a sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú díẹ̀ sí ibi tí ó ti gbé e, sí ìhà ìlà-oòrùn. Ẹ fi ojú inú wo àwọn aláàárù tí wọ́n to ìlà, tí ẹni tí ó wà lẹ́yìn ń gbé ẹrù fún ẹni tí ó wà níwájú, láti ìhà Àgbádárìgì títí dé Lẹ́kí àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tọ̀sán tòru, láìsinmi. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé yanrìn tí ń gba ọ̀nà yìí kọjá ní Èkó ju ìdajì mílíọ̀nù kúbíìkì mítà lọ lọ́dún kan. Etíkun tí ẹ bá rí tí ó dúró, kì í ṣe pé a kò jí i lẹ́rù, ohun tí wọ́n ń gbé wá fún un àti èyí tí wọ́n ń gbé lọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó dọ́gba.

Àwọn ògiri òkúta méjèèjì wá dà bí oníbodè tí ó gbá ọ̀nà mú. Yanrìn tí ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn dé ibẹ̀, ó dúró. Ìdí nìyí tí etíkun ìhà ibi tí ilé iná ọkọ̀ wà, lọ́hùn-ún ní òdìkejì, fi ń fẹ̀ sí i lọ́dọọdún títí di òní. Ṣùgbọ́n ní ìhà ìlà-oòrùn, ní Bar Beach, àwọn aláàárù kò dúró. Wọ́n ń gbé lọ, kò sì sí ẹni tí ń gbé wá. Nígbà tí yóò fi di ìparí àwọn ọdún 1950, lẹ́bàá ògiri ìlà-oòrùn níbẹ̀, òkun ti jẹ ilẹ̀ wọlé tó nǹkan bí kìlómítà kan. Ẹ̀rù tilẹ̀ ń ba àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ pé òkun yóò gba ẹ̀yìn yọ sí ògiri náà, kí ó sì wó o.

Bí ẹ bá bi mí, èmi ó ní òkun ń ṣe bí òṣómàáló gẹ́lẹ́. A gba yanrìn láwìn lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1908, a fi ṣe ọnà fún ọkọ̀, a sì jẹ èrè rẹ̀. Ó wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà Victoria Island, kò pariwo, kò sì lọ.

Báwo ni a ṣe ń san gbèsè náà? Yanrìn náà ni a fi ń san án. Ní 1958, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó yanrìn tí wọ́n gbẹ́ láti inú ọ̀nà ọkọ̀ lọ dà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ìlà-oòrùn, kí ìgbì lè fúnra rẹ̀ pín in kiri. Láti 1960 títí di 1968, wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sórí ògiri náà tí ń fa yanrìn láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọkọ̀, tí ó sì ń tú u sí etíkun lọ́dọọdún. Èrò tèmi ni pé ọgbọ́n tí ó dára jù nínú gbogbo ohun tí a ṣe níbẹ̀ nìyí, nítorí pé ohun tí oníbodè dá dúró ni wọ́n ń bá a gbé kọjá. Ní àárín ìgbà yẹn náà, ní 1964, wọ́n ri igi mọ́ yanrìn ní ìlà wọ́gọwọ̀gọ ní etí omi kí ó lè dá ìgbì dúró. Igi! Kò pẹ́ tí òkun fi kó wọn.

Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà di ti ẹni tí ń sáré kó omi nígbà tí ilé bá ti ń jó. A ó jókòó, a ó máa wòran títí omi yóò fi dé ojú títì Ahmadu Bello, ìwé ìròyìn yóò pariwo, ìjọba yóò pe kọngílá, a ó da yanrìn, etíkun yóò fẹ̀, a ó gbàgbé. Ní 1974 sí 1975, mílíọ̀nù mẹ́ta kúbíìkì mítà yanrìn ni wọ́n dà síbẹ̀. Ní 1981, mílíọ̀nù méjì. Ní 1985 sí 1986, mílíọ̀nù mẹ́ta. Ní 1990 sí 1991, mílíọ̀nù márùn-ún.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣírò èyí tí ó kẹ́yìn yìí. Mọ́tò típà kékeré a máa kó tó kúbíìkì mítà márùn-ún. Mílíọ̀nù márùn-ún kúbíìkì mítà nígbà náà jẹ́ ẹrù mílíọ̀nù kan típà. Bí a bá to mílíọ̀nù kan típà, tí imú ọ̀kan kan ìdí èkejì, ìlà náà yóò gùn ju ọ̀nà Èkó sí London lọ. Òkun sì jẹ gbogbo rẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀, kò sì ní kí a má bínú.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nípa ìjì tí ń ba etíkun Èkó jẹ́. Wọ́n rò pé òjò àti ẹ̀fúùfù tiwa ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà púpọ̀. Ìjì náà lè wà ní ìsàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún, ní gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, níbi tí ó jìnnà sí wa ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, níbi tí ìgbà òtútù ti ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí òjò ń rọ̀ níhìn-ín. Ìjì yóò jà níbẹ̀, ìgbì tí ó dá sílẹ̀ yóò máa rìn bọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, yóò sì dé Èkó nígbà tí ojú ọ̀run lè mọ́ kedere, tí afẹ́fẹ́ kò sì le. Nítorí náà ni ìgbì fi ń le láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹsàn-án. Oṣù Ògún tí a ń ṣe ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wà nínú rẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbì a rọlẹ̀, a tún máa dá yanrìn díẹ̀ padà sórí etíkun. Ìgbà náà sì ni àwọn aláṣẹ máa ń sọ pé òkun ti gbọ́n.

Ní ọjọ́ 16 àti 17 oṣù Ògún, 1995, irú ìgbì bẹ́ẹ̀ dé, ó ya etíkun kọjá, ó sì kún ojú títì Victoria Island. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá àti ilé àwọn aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè wà ní tòsí ibẹ̀. Láti ìgbà yẹn lọ ni àwọn olówó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fojú ara wọn rí ohun tí àwọn tálákà etíkun ti ń sọ.

Ẹ̀yìn etíkun yìí, ní ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀, ni ọ̀sà kékeré kan wà tí à ń pè ní Kúrámọ̀. Òkun wà níwájú, ọ̀sà wà lẹ́yìn, ilẹ̀ yanrìn tóóró ni ó wà láàárín méjèèjì. Orí yanrìn tóóró yìí ni àwọn tí kò rówó san ilé ní Èkó kọ́ ahéré pákó sí, tí wọ́n ń ta oúnjẹ àti ọtí fún àwọn tí ń wá ṣe fàájì. Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 18 oṣù Ògún, 2012, òkun ru, ó fo ilẹ̀ tóóró náà, ó sì so mọ́ ọ̀sà. Ó gbé ahéré, ó gbé ènìyàn. Àwọn kan kú, a wá àwọn mìíràn tì. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lé ìyókù kúrò, wọ́n sì wó ohun tí omi ṣẹ́ kù. Àwọn tí wọ́n lé náà, ọlọ́jà ni wọ́n bí i tiyín. Iná wọn kò tíì kú lórí ààrò tí wọ́n fi di aláìnílé.

Lákòókò tí èyí ń ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ ńlá kan ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti kọ́kọ́ fi òkúta sìmẹ́ńtì ńláńlá dí etíkun náà ní apá kan ní nǹkan bí 2006. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba ilé-iṣẹ́ aládàáni kan tí ń jẹ́ South Energyx láyè pé kí ó padà gba ilẹ̀ lọ́wọ́ òkun, kí ó sì kọ́ ìlú sórí rẹ̀. Ìlú náà ni Eko Atlantic. Ilẹ̀ tí wọ́n pèrò láti gbà fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́wàá ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọkọ̀ tí ń fa yanrìn láti ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n fi ń dà á. Ògiri tí ó dojú kọ òkun, èyí tí wọ́n sọ ní Ògiri Ńlá Èkó, wọ́n pèrò pé yóò gùn tó kìlómítà mẹ́jọ ààbọ̀, òkúta sìmẹ́ńtì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ̀n tó tọ́ọ̀nù márùn-ún ni wọ́n sì fi bò ó lára. Ní ọjọ́ 21 oṣù Èrèlé, 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan àti Bill Clinton tí ó ti jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà rí wá síbẹ̀ láti ṣe àjọyọ̀ pé a ti gba ìdajì ilẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a fún ẹni tí ẹ̀tọ́ tọ́ sí ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí ògiri yẹn ti dúró, òkun kò tún ba lé ojú títì Ahmadu Bello mọ́ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ń kọ́ ọ tilẹ̀ sọ pé ibi tí ilẹ̀ dé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni àwọn dá a padà sí, ọ̀rọ̀ wọn kò sì jìnnà sí òtítọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni wọ́n dá padà, wọn kò dá etíkun padà. Owó dọ́là ni a fi ń díyelé ilẹ̀ náà. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ gun ẹṣin lọ́fẹ̀ẹ́ sí etí omi ní ọjọ́ Kérésìmesì kò ní ibi tí yóò ti ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ mọ́.

Òṣómàáló náà ńkọ́, ṣé ó ti dìde lọ? Ó kàn kúrò ní ẹnu ọ̀nà ilé kan bọ́ sí èkejì ni. Bí ẹ bá ń lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, ẹ ó dé abúlé Òkun Alfa ní Lẹ́kí. Àwọn ará ibẹ̀ á fi ọwọ́ tọ́ka sí inú òkun fún yín, wọn á ní ibẹ̀ yẹn ni ilé bàbá àwọn wà, ibẹ̀ yẹn ni títì wà, ibẹ̀ yẹn ni ilé ìwòsàn wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé ògiri ìlú tuntun ni ó ti ìgbì sọ́dọ̀ àwọn. Àwọn tí ń kọ́ ìlú náà sọ pé rárá, pé òkun ti ń jẹ ìhà yẹn kí àwọn tó dé. Òótọ́ ni pé ó ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́, nítorí oníbodè 1908 kò tíì kúrò lójú ọ̀nà. Òótọ́ náà ni pé ibikíbi tí ògiri líle bá parí sí ní etíkun oníyanrìn, lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni omi máa ń wọlé sí jù. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa bá abúlé apẹja jiyàn lórí èyí. Iye owó tí a ó fi tún ilé wọn kọ́ ni ó yẹ kí a máa jiyàn lé. Ìjọba Èkó ti ń na ògiri òkúta kéékèèké sínú òkun ní ìhà yẹn láti fi mú yanrìn, ní ìlà ìlà, ibi tí wọ́n bá sì dé, yanrìn ń mú. Ṣùgbọ́n ògiri tí ó kẹ́yìn náà ní aládùúgbò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti etíkun tí gbogbo ènìyàn lè lọ, àwọn oníléeṣẹ́ aládàáni àti àwọn ìdílé onílẹ̀ ni ó kù tí wọ́n ní ibi fàájì ní Oníru àti Ẹlẹ́gúṣì, owó ni a sì fi ń wọlé. Àní àwọn yẹn náà kò fọkàn balẹ̀. Ní 2024, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ títì etíkun láti Èkó dé Calabar, tí ó tó 700 kìlómítà, katakata wó ibi fàájì Landmark tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kéékèèké ń jẹun níbẹ̀. Ohun tí òkun kò jẹ, títì jẹ ẹ́.

Èkó nìkan kọ́. Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, Ayétòrò wà níbẹ̀, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí gbogbo ará ìlú ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tí wọ́n ń jẹun láti inú àpò kan, tí wọ́n sì ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá wa ṣì ń tan àtùpà. Òkun ti gba apá púpọ̀ nínú rẹ̀, tilé-tilé, tòun ti ibojì òkú. A gbọ́ pé wọ́n gbé kọ́ńtíráàtì ògiri òkun jáde fún wọn ní 2004, a tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì ní 2009. Òkun nìkan ni ó wá sẹ́nu iṣẹ́. Ní Kútọnu àti ní Lomé, nígbà tí wọ́n kọ́ èbúté ní àwọn ọdún 1960, bákan náà ni ó rí: ìwọ̀-oòrùn èbúté fẹ̀, ìlà-oòrùn rẹ̀ ń parẹ́, ìyà náà sì ń jẹ Aného ní Togo títí di òní.

Ṣé kò wá sí ọgbọ́n tí a lè dá ni? Ó wà. Ní ilẹ̀ Holland, tí òkun ga ju ilẹ̀ wọn lọ ní ibi púpọ̀, wọ́n da mílíọ̀nù 21 ààbọ̀ kúbíìkì mítà yanrìn sí ojú kan ṣoṣo ní etíkun ní 2011, wọ́n sì fi sílẹ̀ kí ìgbì fúnra rẹ̀ máa pín in fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ kò ha rí i pé ìbátan ohun tí a ń ṣe ní Èkó ní 1958 ni? Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ń wọn etíkun wọn lọ́dọọdún, wọ́n sì ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀ kí omi tó dé. Tiwa, ìgbà tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ ni ọ̀rọ̀ máa ń parí.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi èyí han àwọn ọmọ kò nílò kí ó kó wọn lọ sí Èkó. Kí ó wá ọpọ́n fífẹ̀ kan, kí ó tẹ́ yanrìn sí apá kan rẹ̀ kí ó dà gẹ̀rẹ̀ bí etí omi, kí ó bu omi sí apá kejì. Kí ọmọ kan fi pátákó pẹlẹbẹ máa ti omi náà díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe gbọọrọ, ní ìdàgẹ̀rẹ̀ ni. Bí yanrìn bá ti ń rìn, kí ó ri òkúta pẹlẹbẹ méjì mọ́ ọn. Kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi rí i pé ẹ̀yìn òkúta ń ga, iwájú rẹ̀ sì ń wọnú. Kí ó wá bi wọ́n pé kí ni kí a ṣe. Àwọn ọmọ tí mo mọ̀, wọn á ní kí a bu yanrìn láti ẹ̀yìn òkúta kọjá sí iwájú rẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ 1960 ń ṣe nìyẹn.

Omi Ọ̀ṣun tiwa náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n n kò ní fẹ̀ ẹ́ lójú ju bí ó ti yẹ lọ. Ìgèdè Èkìtì ni ó ti ṣàn, ó gba ọ̀dọ̀ wa, ó sì wọ ọ̀sà Lẹ́kí. Inú ọ̀sà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú yanrìn rẹ̀ máa ń jókòó sí, kì í dé òkun tààrà. Síbẹ̀, dáàmù tí ó wà ní Aṣẹ́jírẹ́ ń dá yanrìn dúró, àwọn tí ń wa yanrìn ìkọ́lé ń kó o ní àkókó, ẹrẹ̀ àwọn tí ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sì ti sọ omi náà di pọ́nyán-ún dé ojúbọ Òṣogbo. Ní ilẹ̀ Ghana, lẹ́yìn tí wọ́n sé odò Volta ní Akosombo ní 1965, yanrìn tí odò ń gbé wá fún òkun dínkù gidigidi, òkun sì túbọ̀ kọjú sí ìlú Keta. Nítorí náà ẹni tí ń wa yanrìn létí odò kan ní òkè lè máa wa ìpìlẹ̀ ilé ẹni tí kò rí rí. Ẹ wá fi ti ayé tí ń móoru kún un, tí omi òkun gbogbo àgbáyé ń ga sí i díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin oníṣòwò. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń tu èsúsú jọ láti ra ilẹ̀ ní ìhà Lẹ́kí àti Ìbẹ̀jú, àwọn aṣojú tí ń ta ilẹ̀ náà sì ń wá bá yín dé ìsọ̀ yín. N kò ní kí ẹ má rà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san owó, ẹ wọ mọ́tò, ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín dé ibẹ̀ ní oṣù Ògún, kì í ṣe ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ tí òkun ń rẹ́rìn-ín. Ẹ fi aṣojú náà sílẹ̀ sínú mọ́tò, ẹ wá apẹja tí ó ti dàgbà síbẹ̀ rí, kí ẹ bi í pé nígbà tí ó wà ní ọmọdé, ìṣísẹ̀ mélòó ni ó máa ń rìn láti ibí yìí kí ó tó kan omi, àti pé ibo ni omi dé ní 2012.